Omi Tí Kò Ní Èémí: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ Ohun Tí Ó Ń Lé Ẹja Jáde Kúrò Nínú Òkun

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa kì í ṣe ti ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oyè jíjẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ni. Ìtàn omi ni. A fẹ́ sọ bí ẹja àti akàn àti edé etí òkun kan ní Amẹ́ríkà ṣe ń jáde wá sí etí ilẹ̀ ní òru. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń yọ̀ sí i fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ dájú. Àti bí ìdí náà, nígbà tí a mọ̀ ọ́n tán, ṣe là wá lójú sí ohun tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí ibẹ̀, tí ọwọ́ ènìyàn sì wà nínú rẹ̀.

Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ìyawọ̀ òkun kan wà tí à ń pè ní Mobile. Odò ńlá ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti àríwá, òkun Mexico sì ń bá a pàdé ní gúúsù. Orúkọ yìí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Clotilda gúnlẹ̀ sí ní oṣù July ọdún 1860, pẹ̀lú 110 ènìyàn tí a kó láti Ouidah ní etí òkun Dahomey, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá láti ìhà Bantè, ní ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Nígbà tí ìdásílẹ̀ dé ní ọdún 1865, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó ní àríwá Mobile, wọ́n pè é ní Ìlú Áfíríkà. Ọ̀kan nínú wọn, Kossola, ẹni tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, wà láàyè títí di ọdún 1935. Ìtàn wọn tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. A mẹ́nu bà wọ́n nítorí pé, ní àkókò kan náà tí àwọn ènìyàn wa wọ̀nyí ń kọ́ ilé wọn nítòsí omi yìí, ni ìwé ìròyìn ìlú Mobile ti ń tẹ ìròyìn ohun ìyanu tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní èbúté ìlà-oòrùn rẹ̀, ní ibi tí àwọn ìlú Daphne àti Fairhope wà.

Ohun ìyanu náà nìyí. Ní ìgbà ooru ilẹ̀ náà, láàárín oṣù June sí September, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja a máa jáde wá sí etí omi láìsí ẹni tí ó dẹ wọ́n. Akàn a pọ̀ bí eṣú; wọn a máa gun òpó afárá àti kùkùté igi tí ó bá yọrí nínú omi. Ẹja pẹlẹbẹ nì, tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, a tò lé ara wọn lórí bí àwo ní ibi tí omi kò dé orúnkún. Edé a wà níbẹ̀, ẹja gígùn tí ó dàbí ejò a wà níbẹ̀, wọn kì yóò sì sá bí ènìyàn bá nawọ́ sí wọn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i a ké sí ará ilé rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀. Wọn a sì sáré wá nínú aṣọ ìsùn, tàwọn ti àtùpà, tàwọn ti agbọ̀n àti ọpọ́n ìfọṣọ, wọn a máa kó ẹja títí agara yóò fi dá wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, tí afẹ́fẹ́ sì yí padà, gbogbo rẹ̀ a parí. Èyí tí a kò kó nínú ẹja náà a padà sínú ibú.

Àwọn ará ibẹ̀ pe ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Jubeli, orúkọ tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Ìwé Léfítíkù kì yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa kò bá wọn wí. Ẹni tí ẹja wá bá nílé kì í béèrè ohun tí ó lé e wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà apẹja kò fi ojú yẹpẹrẹ wò ó; wọ́n kíyèsí àmì rẹ̀, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ láti ìlà-oòrùn, kí ó sì rọra fẹ́. Òkun gbọ́dọ̀ máa kún bọ̀. Ojú omi gbọ́dọ̀ tẹ́jú bí dígí. Àti pé ẹja tí ó ń gbé òkè omi kò bá wọn dé. Àwọn tí ó ń gbé ìsàlẹ̀, tí ó ń rìn lórí ẹrẹ̀, àwọn nìkan ni ó ń jáde. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ; nínú àmì tí ó kẹ́yìn yìí ni ìdáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí a tó rí i.

Kí a tó lè rí i, ó di dandan kí ẹnìkan kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti wọn ohun tí ojú kò lè rí. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹja ń mí. Ohun tí ó ń mí ni afẹ́fẹ́ tí ó yọ́ mọ́ omi bí iyọ̀ ti í yọ́ mọ́ ọbẹ̀, pàápàá èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ́síjìn, tí àwa pẹ̀lú kò lè wà láàyè láìsí i. Ṣùgbọ́n ìpín tí ó kan ẹja kéré púpọ̀. Bí a bá bu lítà afẹ́fẹ́ kan àti lítà omi kan, ọ́síjìn tí ó wà nínú ti afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n ti inú omi. Bí omi bá sì ti gbóná tó, àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn tí ó lè gbà mọ́ra ń dínkù. Ẹja ń gbé inú ilé tí òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, bí a bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kò pẹ́ kí orí rẹ̀ tó kan àjà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Hungary, Lajos Winkler, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Budapest, ni ó rí ọ̀nà ìwọ̀n náà, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1888. Ó ní kí a rọ omi kún inú ìgò títí kì yóò fi sí àyè fún afẹ́fẹ́ òde. Kí a kán oògùn méjì sí i, ọ̀kan tí a fi manganese ṣe àti ọ̀kan tí ó dàbí omi eérú líle. Kí a sì dé e pa. Bí ọ́síjìn bá wà nínú omi náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ìgò yóò pọ́n rúsúrúsú bí ilẹ̀ pupa. Bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti pọ́n tó. Bí kò bá sí, funfun ni yóò wà. Láti ibẹ̀ a lè fi oògùn mìíràn ṣírò iye rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ tí ó rọrùn ni, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe é. Síbẹ̀ títí di òní, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ oríṣiríṣi ti dé, ọ̀nà Winkler ni a fi ń dán ẹ̀rọ wọ̀nyí wò bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kò sí ọba tí ó jagun nítorí rẹ̀, a kò sì kọ orin nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa gbà pé ìgò Winkler ti sọ òtítọ́ nípa òkun ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Ní ìgbà tí ìgò yìí dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí wọn kò retí. Ní ọdún 1938, Newcombe àti Horne kọ̀wé nípa Chesapeake, ìyawọ̀ òkun ńlá tí ó wà nítòsí Washington, pé omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣaláìní ọ́síjìn ní ìgbà ooru. Àwọn onímọ̀ fi ààlà sí i: bí ọ́síjìn inú lítà omi kan bá ti dínkù ju mílígírámù 2 lọ, wọ́n kà á sí omi tí èémí rẹ̀ ti ń tán. Àwọ̀n tí a bá wọ́ kọjá lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí ẹja kó.

Báwo ni èémí omi ṣe ń tán? Omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ, omi tútù sì wúwo ju omi gbígbóná lọ. Nítorí náà, ní ibi tí odò ńlá bá gbé wọ inú òkun ní ìgbà ooru, omi odò a léfòó lórí omi iyọ̀ bí epo ti í léfòó lórí omi; àyàfi bí ìjì bá rú wọn pọ̀, olúkúlùkù a dúró ní ipò rẹ̀. Omi òkè ń bá afẹ́fẹ́ pàdé, ó ń rí ọ́síjìn tuntun gbà. Omi ìsàlẹ̀ dàbí ìkòkò tí a dé. Nísinsin yìí, ohun gbogbo tí ó bá kú ní òkè, ewé omi kéékèèké tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbẹ́ àwọn ẹ̀dá tí ó jẹ ewé náà, òkú àwọn ẹ̀dá fúnra wọn, gbogbo rẹ̀ a máa rọ̀ sílẹ̀ bí òjò wínníwínní. Àwọn kòkòrò àìrí tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ a jẹ ẹ́, wọn a sì máa mí bí wọ́n ti ń jẹun. Bí oúnjẹ bá pọ̀, wọn a bí sí i, wọn a mí gbogbo ọ́síjìn ibẹ̀ tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí èyí, nítorí pé òun ni ìdí ọ̀rọ̀ wa: kì í ṣe májèlé ni ó pa ẹja. Oúnjẹ ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta mọ Òkò Bàbá, níbi tí àwọn onípákó ti la gẹdú létí ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí lẹ́búlẹ́bú pákó ń ṣàn sínú omi bí ìyẹ̀fun. Ẹ sì mọ ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú Èkó tí a ń kó lọ tú sínú ọ̀sà ní Ìddó. Pákó tí ó ń jẹrà àti ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ń jẹrà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà gba èémí omi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Mobile. Ní ọdún 1960, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Harold Loesch tẹ ìwé jáde nípa Jubeli. Ó ṣe àkójọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, àti bí òkun ti ń kún. Ohun tí ó kọ bá ohun tí àwọn àgbà apẹja ti ń wí mu. Ní ọdún 1973, ẹlòmíràn, Edwin May, fi ìwọ̀n ọ́síjìn parí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìsàlẹ̀ ìyawọ̀ òkun náà, omi oníyọ̀ wà tí èémí rẹ̀ ti tán ní ìgbà ooru. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn a rọra ti omi òkè kúrò ní èbúté ìlà-oòrùn. Òkun tí ń kún a sì ti omi ìsàlẹ̀ wá dípò rẹ̀. Omi aláìléèémí yìí a máa rìn bọ̀ wá sí èbúté lórí ẹrẹ̀, a máa lé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ níwájú bí ẹni tí ń daran, títí wọn yóò fi dé ibi tí ilẹ̀ àti omi ti pàdé, tí wọn kò sì ní ibi tí wọ́n lè sá sí mọ́. Akàn tí ń gun òpó kò gun òpó láti wá sí ọwọ́ apẹja. Ó ń wá ibi tí yóò gbé mí ni.

Ṣùgbọ́n Jubeli ti Mobile ti wà pẹ́, ó ti wà kí a tó dá ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ kan sílẹ̀; wákàtí díẹ̀ ni ó sì máa ń gbà. Bí a kò bá mọ̀ ju èyí lọ, a lè wí pé bí Ọlọ́run ti dá omi ibẹ̀ ni, kí a sì gbé agbọ̀n wa. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀, ní ẹnu odò Mississippi, ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Mississippi ni ó ń gba omi òjò tí ó rọ̀ sórí nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó so pọ̀ mọ́ra, láti àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn títí dé ti ìlà-oòrùn, ìpínlẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó sì kàn. Oko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà tí ó tẹ́ lọ salalu ni ó kún àárín rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, àwọn tí ń ṣèwádìí ní etí òkun Louisiana rí omi aláìléèémí níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ bí ó ti gbòòrò tó. Ní ọdún 1985, obìnrin kan, Nancy Rabalais, pẹ̀lú Eugene Turner àti Donald Boesch, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó rọrùn láti sọ tí ó sì ṣòro láti ṣe: kí wọ́n máa padà sí ojú omi kan náà ní ìgbà ooru ọdọọdún, kí wọ́n dúró ní ibì kan náà, kí wọ́n sọ ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣí lọ sí ibi tí ó kàn, tọ̀sán tòru, títí wọn yóò fi rí ààlà omi náà. Láti ilé ẹ̀kọ́ òkun tí ó wà ní abúlé Cocodrie ni wọ́n ti ń jáde.

Àwọn olùwẹ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ rí ohun tí ó bani lẹ́rù. Ní òkè, omi kún fún ẹja. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹja ń dínkù, títí tí wọn kò fi rí ẹyọ kan. Lórí ẹrẹ̀, aràn tí ó yẹ kí ó wà nínú ihò rẹ̀ ti jáde, ó nà gbalaja. Akàn àti ìṣáwùrú ti kú. Ohun funfun kan bí òwú sì bo ilẹ̀, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ kòkòrò àìrí tí kò nílò ọ́síjìn púpọ̀, tí imí ọjọ́ inú ẹrẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ wọn.

Ìwọ̀n ọdọọdún ni ó sọ ìtàn náà. Ní ọdún 1988, ọ̀dá mú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, odò fà. Omi aláìléèémí tí wọ́n rí kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Ní ọdún 1993, ìkún omi ńlá dé sí Mississippi. Ó di nǹkan bí 17,600. Ní ọdún 2017, ó dé 22,720, èyí tí ó pọ̀ jùlọ láti ìgbà tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2020, ìjì Hanna ru omi pọ̀ kété kí ọkọ̀ tó jáde, ó sì lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 5,500. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo iye wọ̀nyí yóò rí i pé ohun tí odò bá gbé wá ni òkun ń jẹ, àti pé afẹ́fẹ́ líle nìkan ni ó lè ṣí ìdérí ìkòkò náà.

Àwọn kan kò gbà. Àwọn tí ó dúró fún àgbẹ̀ àti fún àwọn tí ń ṣe ajílẹ̀ béèrè pé: ta ni ó mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni omi náà ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Mobile? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu yẹ̀yẹ́ gbà á. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Ní ọdọọdún ni odò ń da ẹrẹ̀ tuntun lé ti àná lórí, bí ẹni tí ń to ìwé jọ. Àwọn onímọ̀ ti ọ̀pá gígùn bọ inú rẹ̀, wọ́n sì fà á jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ní pípé. Irú òjé kan wà nínú ẹrẹ̀ tí agbára rẹ̀ ń dínkù ní ìwọ̀n tí a mọ̀, èyí ni wọ́n fi ka ọjọ́ orí ìpele kọ̀ọ̀kan. Nínú ìpele wọ̀nyí ni ìkarahun àwọn ẹ̀dá tín-ín-rín gbé wà, tí irú kan nínú wọn kò lè fara da àìsí ọ́síjìn, tí irú mìíràn sì lè fara dà á. Irú kan tí ó wà dáadáa kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1900 kò sí mọ́ lẹ́yìn náà. Láti nǹkan bí ọdún 1950 wá ni àwọn tí ó lè fara da ìnira sì ti gba ilẹ̀ náà kan. Nítorí náà, a kò lè wí pé omi náà kò mọ ìnira rí. Ṣùgbọ́n ìnira tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe irú èyí.

Kí ni ó dé láàárín ìgbà náà? Ní ọdún 1909, Fritz Haber, ọmọ Jámánì, fi hàn ní Karlsruhe pé a lè mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ kí a sì sọ ọ́ di amóníà. Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Oppau ní ọdún 1913. Láti inú amóníà yìí ni a ti ń ṣe ajílẹ̀. Láti inú rẹ̀ náà ni a sì ti ń ṣe ẹ̀tù ogun. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní ọdún 1945, àwọn ilé-iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà kọ́ fún ẹ̀tù yí padà sí ajílẹ̀, ajílẹ̀ sì di ohun tí kò wọ́n mọ́. Àgbàdo ṣe dáadáa. Ìyàn tí ìbá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kò pa wọ́n. A kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí, nítorí pé àwọn kan wà tí ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n àgbàdo kì í mu gbogbo ohun tí a bá dà sí ìdí rẹ̀. Èyí tí ó ṣẹ́kù a bá òjò lọ, gba inú àwọn ọ̀pá ìfamilọ tí a rì sí abẹ́ oko, ó di inú odò. Láàárín ọdún 1955 sí 1970 àti ọdún 1980 sí 1996, náítírójìn irú èyí tí Mississippi ń gbé dé òkun di ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí ó ń mú àgbàdo hù ní ilẹ̀ Iowa, òun náà ni ó ń mú ewé omi hù ní etí òkun Louisiana. Ewé náà ń kú, ó ń rọ̀ sílẹ̀, ìyókù rẹ̀ ẹ ti gbọ́.

Ohun tí èyí ṣe sí àwọn ẹ̀dá inú òkun kò mọ sí ikú nìkan. Ẹja tí ó lè sá ń sá. Ṣùgbọ́n ibi tí ó sá sí kì í ṣe ibi tí oúnjẹ rẹ̀ wà. Edé a máa kún ara wọn ní ààlà omi náà, àwọn ọkọ̀ apẹja sì mọ̀ ọ́n, wọ́n ń wọ́ àwọ̀n wọn lẹ́bàá ààlà yìí. Ẹni tí ó bá rí wọn ní ọjọ́ kan yóò rò pé ọ̀pọ̀ ti dé. Ní ọdún 2017, àwọn tí ó yẹ ìwé ọjà wò láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn tẹ àbájáde wọn jáde: ní ìgbà tí omi aláìléèémí bá gbòòrò, edé ńlá a wọ́n jù, edé kéékèèké a pọ̀ lọ́jà. Apẹja tí kò mọ̀ nǹkan kan nípa ọ́síjìn ń rí i nínú owó tí ó mú bọ̀ wá sílé. Ó tún kù. Peter Thomas àti Rahman, ní Texas, yẹ ẹja kúrókà wò, èyí tí àwa náà ní ìbátan rẹ̀ ní etí òkun wa. Ní ọdún 2012 wọ́n kọ̀wé pé, nínú àwọn abo tí wọ́n mú ní ibi tí ọ́síjìn gbé kéré, wọ́n rí àwọn tí ohun tí ó jẹ́ ti akọ ti ń hù nínú ibi ẹyin wọn. Ẹja bẹ́ẹ̀ wà láàyè, ó ń wẹ̀, ó sì sanra bí ti ẹlòmíràn. Ìran tí yóò ti inú rẹ̀ jáde ni a kò rí.

Ǹjẹ́ omi tí ó ti bàjẹ́ báyìí lè sàn? Ìdáhùn tí a ní wá láti Òkun Dúdú, ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, níbi tí odò Danube gbé wọ inú òkun. Ní ọdún 1908, Sergey Zernov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, rí pápá ewé òkun pupa kan níbẹ̀ tí ó tẹ́ lọ tó nǹkan bí 10,000 kìlómítà níbùú lóòró, tí ó kún fún ẹja àti akàn. Láti ọdún 1960 sókè, ìjọba àwọn ilẹ̀ tí Danube là kọjá ń da ajílẹ̀ sórí oko láìka iye rẹ̀. Ní ọdún 1973 ni omi aláìléèémí kọ́kọ́ hàn. Yuvenaly Zaitsev, onímọ̀ òkun ní Odesa, ṣírò pé láàárín ọdún 1973 sí 1990 ohun alààyè tí ó kú ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tó 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, mílíọ̀nù 5 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹja. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1989 àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìjọba wọ̀nyẹn ṣubú. Owó tí wọ́n fi ń ra ajílẹ̀ tán. Kò sí ẹni tí ó gbèrò láti wo òkun sàn. Àìní ni ó ṣe é. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, omi aláìléèémí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, àwọn ẹ̀dá ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Pápá ewé pupa náà kò tí ì padà sí bí Zernov ti bá a.

Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe àìní ni ó lè ṣe é, àdéhùn ni. Òfin omi mímọ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972 mú ilé-iṣẹ́ tí ń tú ìdọ̀tí láti ẹnu ọ̀pá. Omi òjò tí ń ṣàn láti oko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1997 wọ́n yan ìgbìmọ̀ láti inú ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ odò náà. Ní ọdún 2001 ìgbìmọ̀ pinnu pé kí omi aláìléèémí náà má ṣe ju 5,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ, bí a bá pín ti ọdún márùn-ún dọ́gba, kí ọdún 2015 tó dé. Wọ́n mọ ohun tí yóò ṣe é: kí a dá àbàtà padà sí ẹ̀bá odò kí ó máa sẹ́ omi, kí a gbin ohun tí yóò bo ilẹ̀ nígbà tí àgbàdo kò sí níbẹ̀, kí a fi ajílẹ̀ sí ìdí irúgbìn nígbà tí irúgbìn ń fẹ́ ẹ, kì í ṣe nígbà tí ó bá rọ àgbẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ni ó ń ṣe é. Àgbẹ̀ Iowa kò rí òkun rí, apẹja Louisiana kò sì ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ abúlé Iowa.

Ọdún 2015 dé, ìpinnu náà kò ṣẹ, wọ́n sì sún un síwájú sí ọdún 2035. Lágbàáyé, Robert Diaz àti Rutger Rosenberg ti ka irú ibi bẹ́ẹ̀ tí ó ju 400 lọ ní ọdún 2008. Àwọn mìíràn, láti Kiel ní Jámánì, sì fi hàn ní ọdún 2017 pé gbogbo òkun ayé lápapọ̀ ti pàdánù ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn rẹ̀ lọ láti ọdún 1960, nítorí pé omi ń gbóná sí i. Ní ìgbà ooru ọdún 2024, ọkọ̀ tún jáde lọ sí etí òkun Louisiana, wọ́n tún sọ ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ìsàlẹ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ sí láti ọdún 1985. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ju 17,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ.